Àlejò Tó Wá Wo Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

“Mùkáílà kì í ṣe òṣìṣẹ́ lásán, ẹbí wa ni. Títí yóò fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ilé-iṣẹ́ yìí ni yóò máa sanwó ẹni tí yóò máa lọ tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ̀yin gan-an ni ẹlẹ́rìí mi.”

Olóyè Fọlájìmí ló sọ ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni alága ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ike ní Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí Mùkáílà, bàbá mi, ti ń darí ẹ̀rọ láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dúró lórí àpótí kan nínú ọgbà, ó mú mẹ́gáfóònù lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ni bàbá mi ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò sì lè pe orúkọ ara rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa gbogbo ẹ̀rọ, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ní ooru ibẹ̀ àti iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn ló fà á.

Èmi kò lè búra pé ooru ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára bàbá mi tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo lè búra lé lórí ni pé kí Olóyè tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń pàtẹ́wọ́, àti pé kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ti tún ń ké. Ìlérí náà ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ìyókù rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún bàbá mi.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú kí ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ọsíbítù gbà á lọ́wọ́ ikú, wọ́n sì dá a padà sí ilé wa ní Ilo-Awela pẹ̀lú oògùn àti àlàyé kan tó yé mi dáadáa: ọpọlọ tó farapa lè tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá kọ́ ọ, bí ẹ̀kọ́ náà bá sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí tó dúró lágbedeméjì, iṣan yóò le gan-in, yóò sì gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ bá rán Déọlá Abórìṣàdé sí wa.

Fisió ni Déọlá. Ìdárayá àti ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń dá agbára padà sínú ara ẹni tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá mú. Láti Toll Gate ló ti máa ń gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ wa, eruku yóò sì ti bo bàtà rẹ̀ kó tó dé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá mi, Ràfátù, gbé àga fún un, ó sì ń wo báàgì rẹ̀.

“Oògùn dà, Dókítà?”

“Èmi kì í fún ni lóògùn, Màámi.”

“Abẹ́rẹ́ ńkọ́?”

“Kò sí abẹ́rẹ́.”

Bàbá mi ṣí ojú lórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ ti wúwo lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwàdà rẹ̀ kò rọ. “Kò ní oògùn. Kò ní abẹ́rẹ́. Ràfátù, wòlíì ni wọ́n rán sí wa, wọn kò sì bèèrè bóyá Mùsùlùmí ni wá.”

Déọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tó sì kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wa ni ìwà rere wa.

N óò ṣàlàyé. Ní ilé wa, bàbá kì í bu omi mu fúnra rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà níjòókòó. Nígbà tí àìsàn wá dé, ìtọ́jú tí a mọ̀ ni kí a má jẹ́ kó ṣe ohunkóhun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di síbí mú, òun náà kò sì ní ti ọwọ́ òsì bọ oúnjẹ láyé, nítorí náà ìyá mi ń fi òkèlè sí i lẹ́nu. Èmi ń nu ẹnu rẹ̀. Bí ó bá kàn wo ife omi lásán, ife ti dé ètè rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn wá.

“Màámi,” ni Déọlá wí, “ọwọ́ yín ló ń gba ìtọ́jú tí mo gbé wá fún ọwọ́ wọn.”

“Ṣé kí n máa wò ó kí ọbẹ̀ máa dà sí ọkọ mi láyà? Ọkọ mi ni o, kì í ṣe ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.”

“Ẹ jẹ́ kó dà, mà. Aṣọ ṣeé fọ̀.”

Ó gba síbí kan, ó fi àkísà wé ìdí rẹ̀ títí ó fi nípọn, kí ọwọ́ tí kò lè ká dáadáa lè rí nǹkan dì mú. Ọbẹ̀ dà. Ìyá mi jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ojú rẹ̀ má bàa rí i.

Ní ọjọ́ mìíràn, Nùrẹ́nì, ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, wá kí i. Ó rí i pé bàbá mi fẹ́ dìde, ó bá gbá apá ọ̀tún rẹ̀ mú láti fà á sókè, bí gbogbo èèyàn ti máa ń ṣe.

“Ẹ fi apá yẹn sílẹ̀!” Déọlá kígbe. Ó ṣàlàyé pé iṣan tó ń di egungun èjìká mú ti sùn, pé ẹni tó bá fà á báyẹn yóò yọ egungun náà kúrò nínú ihò rẹ̀, ìrora rẹ̀ kò sì ní lọ bọ̀rọ̀. Ó mú bẹ́líìtì kan tó gbòòrò, ó dè é mọ́ bàbá mi ní ìbàdí, ó sì fi hàn mí bí n óò ṣe máa dì í mú láti ẹ̀yìn.

Nùrẹ́nì wò ó. “Mùkáílà, wọ́n ti so ẹ́ mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá.”

“Àgbò ni mí lóòótọ́,” ni bàbá mi fèsì, “ṣùgbọ́n ìwọ kò ní jẹ nínú ẹran mi.”

Síbẹ̀, ó ń kọ ìdárayá. Gbé ọwọ́ sókè, sọ ọ́ kalẹ̀, tẹ bọ́ọ̀lù kékeré yìí: ó ní eré ọmọdé ni, òun kò sì ní ṣeré lójú ọmọ òun. Déọlá kò bá a jà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa, ó rí i bí ìyá mi ṣe gbé bútà wá, tó ń fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bàbá mi fún un kó tó jókòó kírun.

“Bàbá, ẹ má bínú, Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ọwọ́ wo ni ẹ máa ń kọ́kọ́ fọ̀?”

“Ọ̀tún.”

“Kí àìsàn yìí tó dé, ta ló ń fọ̀ ọ́ fún yín?”

Bàbá mi wo bútà náà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ti òsì gbé e nídìí, ó sì gbé e lé ọwọ́ bútà. Ìyá mi kúnlẹ̀ síbẹ̀ láìmọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà ni àlùwàlá ti di ẹ̀kọ́ ọwọ́. Ìrun di ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀: Déọlá ní kó kọjú sí gàbàsì, kó di ẹ̀yìn àga kejì mú, kó dìde nígbà tó bá yẹ kó dìde, kó sì rọra jókòó padà láìjẹ́ kí ara já lulẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn tó lè tẹ̀ síwájú kó sì padà bọ̀ sípò ni ìpìlẹ̀ ìrìn. Bàbá mi tó kọ eré ọmọdé kò lè kọ ìrun. Kò pẹ́ tó fi lè dìde bí mo bá di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, tó sì lè fi ọwọ́ òsì ra ògiri títí dé ìlàjì pálọ̀.

Inú wa dùn ju bó ti yẹ lọ, Déọlá sì pè wá jókòó.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Èyí kò tíì di ìrìn. Ìbàdí ló ń ju ẹsẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ gan-an kò tíì mọ ibi tó ń lọ. Bí a bá dúró níbí, ọwọ́ yóò ká, gìgísẹ̀ yóò gbéra nílẹ̀, gbogbo ohun tí a ti gbà ni àìsàn yóò gbà padà. Bí a bá ń bá a lọ, èmi gbà pé wọ́n á rìn.”

“Wọ́n ti ní kí o máa bá a lọ,” ni ìyá mi wí. “Olóyè ti sọ̀rọ̀ lójú ayé.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni àlejò wá.

Akíndé ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ nílé-iṣẹ́ náà. Ó pè ní òwúrọ̀ pé òun ń bọ̀ wá kí Bàbá. Kì í ṣe ọjọ́ tí Déọlá máa ń wá. Ìyá mi gbá ilé, ó fọ ilẹ̀, ó da àwọn àga padà sí ipò wọn. Ó wẹ bàbá mi, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní jalamíà funfun tó fẹ̀ lé orí bẹ́líìtì, èyí tó máa ń wọ̀ lọ kírun ọdún, ó sì fi lọ́fíńdà sí i. Bí a ti ń ṣe é níyẹn. A kì í jẹ́ kí àlejò bá aláìsàn wa nínú àìsàn.

Akíndé gbé ọsàn àti páálí ohun mímu wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa.

“Bàbá, ẹ kú ilé o.”

“Ọ̀gá Akíndé, ẹ káàbọ̀. Ará ibi-iṣẹ́ ńkọ́?”

“Wọ́n ní kí n kí yín, sà. Ara ńkọ́?”

“Ara ti le, Alhamdulillahi.”

“Ṣé ó ti le dáadáa?”

“Pátápátá. Ọlọ́run ti ṣe é.”

“Ẹ ti ń dìde, àbí?”

“À ń dìde, à ń jókòó. Kí la fẹ́ fi san oore? Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè.”

Fóònù Akíndé wà lórí itan rẹ̀, ojú fóònù náà kọ sí bàbá mi. Mo rí i. Mo rò pé ó ń retí ìpè ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí a bá bi aláìsàn pé ara ńkọ́, ọpẹ́ là ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. A kò retí kó ka àìsàn rẹ̀ fún wa. Ẹni tí kò lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí yóò ní ara ń le sí i. Bó bá sọ ohun mìíràn, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba àìsàn náà, ó ti ṣe aláìmoore sí Ẹlẹ́dàá, ó sì ti gbé ẹrù lé ẹni tó wá kí i lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ yóò kí aláìsàn tán, yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì fi ohùn ìsàlẹ̀ bi ìyàwó tàbí ọmọ pé: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe gan-an? Kò sí ẹni tí a bí sí ilé Yorùbá tí kò mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Akíndé kò bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó dìde láti lọ. Bàbá mi yíjú sí mi. “Nímọ́tà, gbé mi dìde.”

“Bàbá Nímọ́tà, ẹ jókòó,” ni ìyá mi wí. “Nímọ́tà á sìn wọ́n dé ìta.”

“Àlejò láti ọ̀dọ̀ Olóyè! Kí n jókòó bí ọlọ, kó máa wá ọ̀nà ìta fúnra rẹ̀? Gbé mi dìde, jàre.”

Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ jalamíà láti ẹ̀yìn, mo di bẹ́líìtì mú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì lé ògiri. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fa ilẹ̀, ìbàdí ń jù ú, ọwọ́ mi ń gbé ìdajì ara rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé tó mọ ẹ̀tọ́. Akíndé ti ṣáájú dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà sí wa, ó sì gbé fóònù sókè.

“Ẹ̀rín, Bàbá! Kí Olóyè lè rí i, kí inú wọn dùn.”

Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò ní àdúgbò tí orúnkún bàbá mi fi yẹ̀. Èmi àti ìyá mi gbé e sórí ẹní. Òógùn ti rin jalamíà náà gbingbin. Ó sùn bí ẹni tó ro oko ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lójú oorun.

Nígbà tí ọjọ́ Déọlá pé, fóònù rẹ̀ ló wọlé dípò rẹ̀. “Nímọ́tà, wọ́n ní kí n má wá mọ́. Wọ́n ní Bàbá ti ń rìn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?”

Nùrẹ́nì ló mú èsì wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó ní wọ́n fi fídíò hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní kantíìnì, wọ́n jẹ́ kí ohùn bàbá mi jáde ketekete pé ara ti le pátápátá, wọ́n sì fi í hàn bó ṣe ń rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Olóyè fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní òun ti mú ìlérí òun ṣẹ.

“A pàtẹ́wọ́ fún ẹ, Mùkáílà! Èmi gan-an ni mo pàtẹ́wọ́ jù.”

“O ṣeun,” ni bàbá mi wí.

Nùrẹ́nì wo ọwọ́ ọ̀tún tó wà lórí itan ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ayọ̀ náà rọra kúrò lójú rẹ̀. Kò mu omi tí a gbé fún un.

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a lọ sọ òótọ́ fún wọn.”

“Òótọ́ wo? Mo ti dúpẹ́. Ṣé kí n wá lọ gba ọpẹ́ mi padà lọ́wọ́ Ọlọ́run?”

“Ọlọ́run kọ́ ni Akíndé ń bá ṣiṣẹ́, Bàbá.”

“Nímọ́tà!” ni ìyá mi ké.

“Ẹ má bínú, Màámi.”

Bàbá mi kò bínú. Ó ní, “Àgbàlagbà kì í kí àlejò láàárọ̀ kó wá sẹ́ ìkíni náà lálẹ́. Wọ́n á sọ pé òpùrọ́ ni mí, wọ́n á ní nítorí owó ni.” Ó fi ọwọ́ òsì kan orúnkún ọ̀tún rẹ̀. “Ṣùgbọ́n mo fẹ́ rìn, ọmọ mi. Má rò pé n kò fẹ́ rìn.”

Mo lọ sí ilé-iṣẹ́ náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Akíndé gbà mí lálejò dáadáa. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó sì tẹ fídíò náà.

“Ohùn ta nìyẹn?”

“Ohùn bàbá mi.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n dá yín lóhùn ìkíni ni.”

“Wọ́n ní pátápátá, Nímọ́tà.”

“Èmi ni mo wà lẹ́yìn wọn níbi tí wọ́n ti ń rìn ín. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ pe Déọlá, kó yẹ̀ wọ́n wò lójú yín.”

“Ẹni tó ń jẹun nídìí àìsàn, ṣé yóò sọ pé àìsàn ti tán?” Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Àbí kí n lọ bá Olóyè, kí n sọ fún wọn pé bàbá ẹ parọ́? Ìwọ sọ ọ́, kí n gbé e lọ.”

Mo wò ó. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún mi, ó sì ti gbé orúkọ bàbá mi dí i.

“Ọ̀gá Akíndé, ṣé ìyá yín wà láyé?”

“Wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú.”

“Bí ara wọn kò bá yá, tí ẹ pè wọ́n, tí wọ́n ní ara ti le, ṣé ẹ máa ń gbà á bẹ́ẹ̀?”

Ó yíjú sí fèrèsé. “Iṣẹ́ ni mo ń ṣe, Nímọ́tà.”

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nínú ọ́fíìsì náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé àjèjì ni, ẹni tí kò mọ bí a ti ń kí ara wa, ǹ bá jókòó, ǹ bá ṣàlàyé fún un, à bá sì pe ọ̀rọ̀ náà ní àṣìṣe. Kì í ṣe àṣìṣe. Ìwà ọmọlúàbí bàbá mi ni wọ́n gbà sínú fóònù, tí wọ́n sì fi dá a lẹ́jọ́. Kò sí irọ́ kan nínú fídíò náà. Bàbá mi ló sọ ohun tó sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sì dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló pinnu pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Déọlá ń wá fún ìgbà díẹ̀ láìgba ohunkóhun, títí iṣẹ́ mìíràn fi gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Ó kọ́ mi ní èyí tó lè kọ́ mi, mo sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Èyí tí n kò mọ̀ pọ̀ ju èyí tí mo mọ̀ lọ. Ìka ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi ti ká sínú àtẹ́lẹwọ́. A ní láti rọra tú wọn kí a tó lè gé èékánná rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Orí ibùsùn ló ti ń kírun.

Olóyè Fọlájìmí ní ilé-iṣẹ́ òun yóò máa sanwó ìtọ́jú bàbá mi títí yóò fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Bàbá mi kò lè rìn. Wọn kò sanwó mọ́.